Ẹ̀rọ Méjì, Ìdáhùn Kan: "A Dúpẹ́"

Dókítà gbé ìwé mi síwájú mi, ó ní, "Àǹtí, pẹ̀lú ohun tí ẹ kọ síbí, kò sí ẹni tí nǹkan kan ń ṣe."

Iṣẹ́ mi ni kí n máa fi ẹ̀rọ ta ìtànṣán sí ara àwọn tó ní jẹjẹrẹ. Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti wà lẹ́nu rẹ̀ ní Surulérè, síbẹ̀ nọ́ọ̀sì ni gbogbo àdúgbò ń pè mí. Mi ò bá wọn jiyàn mọ́.

Ẹ̀rọ méjì la ní nígbà náà. Ti àtijọ́ ń ta ìtànṣán láti ẹ̀gbẹ́ mẹ́rin, bí ẹni da omi garawa sí ìdí ẹ̀fọ́ kan ṣoṣo: ẹ̀fọ́ á mu, ilẹ̀ àyíká náà á rin gbingbin. Tuntun ń yí aláìsàn po, ó sì ń gé ìtànṣán mọ́ ibi tí àìsàn wà. Bí jẹjẹrẹ bá wà ní ìsàlẹ̀ ìfun, nítòsí ihò ìdí, ìfun tó kù àti àpò ìtọ̀ ló ń jìyà ti àtijọ́: ìgbẹ́ gbuuru, ìtọ̀ tó ń ta bí ata. Àyè orí tuntun kò pọ̀, ni Dókítà bá ní kí n máa bi àwọn èèyàn léèrè lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí á lè gbé ẹni tí ti àtijọ́ bá ń fi ojú rẹ̀ rí màbo lọ sórí tuntun.

Mo máa ń kúnlẹ̀ díẹ̀, màá ní, "Ara ńkọ́?" Ta ló máa sọ fún ẹni tó kí i pé òun yàgbẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá lánàá? Ẹni tó wà lórí ẹ̀rọ àtijọ́, a dúpẹ́. Ẹni tó wà lórí tuntun, a dúpẹ́. Èmi ọ̀mọ̀wé sì ń kọ ọ́ sílẹ̀: kò sí wàhálà.

Télọ̀ kan láti Mushin wà lórí ti àtijọ́, Àláájì kan tí ẹnu rẹ̀ mú bíi sísọ́ọ̀sì. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ dé, ó wo yúnífọ́ọ̀mù mi, ó béèrè bóyá èmi àti ẹni tó rán an jọ jà ni. Òun, ó ní, ṣòkòtò mẹ́rin lòún ń rán lóòjọ́, kò sì sí èyí tó wọ́. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, ògiri ló ń dì mú kó tó gun bẹ́ẹ̀dì, ó sì ti rù débi pé àmì tí a fà sí i lára láti fi darí ìtànṣán kò bọ́ sójú ibi tó yẹ mọ́. "A dúpẹ́, alihamudulilahi," ló ṣì ń wí. Ṣùgbọ́n kò bú aṣọ mi lọ́jọ́ yẹn. Ẹ̀rù bà mí. Bó bá dákú, ìtọ́jú á dúró lágbede méjì, jẹjẹrẹ kì í sì í dúró de èèyàn.

Mo jókòó tì í. "Àláájì, ṣòkòtò mélòó lẹ rán lánàá?"

"Ìdajì."

"Ẹ̀yin tí ẹ ń rán mẹ́rin?"

"Ṣé mo ń jókòó ni? Kí n tó fi òwú bọ abẹ́rẹ́, mo ti sáré dìde. Ẹ̀ẹ̀mejìlá." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Má kọ ọ́ o, ọmọ mi. Wọ́n á ní kí n máa lọ sílé."

Mo ní àìkọ ọ́ gan-an ló so ó mọ́ ẹ̀rọ yẹn. Mo kọ ọ́ níṣojú rẹ̀. Dókítà fún un lóògùn àti omi oníyọ̀ òun ṣúgà, kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ó ti wà lórí tuntun.

Mo wá tún gbogbo ìwé náà bẹ̀rẹ̀. Nínú àwọn aláìsàn, mo bi bíríkìlà léèrè iye búlọ́ọ̀kù tó tò, mo bi ìyá aláṣọ ọjà Tejúoṣó léèrè bí oníbàárà ṣe dúró dè é tó. Àárẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ láàárín ẹ̀rọ méjèèjì, ṣùgbọ́n àwọn tó wà lórí ti àtijọ́ ni ìgbẹ́ ń gbé dìde nídìí iṣẹ́ jù.

Lọ́jọ́ tí Àláájì parí ìtọ́jú, bó ṣe wọlé ni mo mú bírò. "Àláájì, ẹ̀ẹ̀melòó?"

"Ṣé bí wọ́n ṣe ń kí àgbà nílé yín nìyẹn? Kí mi ná."

Mo kúnlẹ̀. "Ẹ káàárọ̀ sà. Ara ńkọ́?"

"A dúpẹ́." Ó wá tọ́ka sí bírò mi. "Ó yá, kọ ọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì péré. Ṣòkòtò mẹ́ta. Yúnífọ́ọ̀mù yìí ló kàn."