Bí Mo Ṣe Pa Jẹnẹrétọ̀ Nítorí Ojú Ìyàwó

Mo ti pa jẹnẹrétọ̀ rí kí fọ́tò má baà bàjẹ́. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán ná. Lọ́jọ́ tí ọmọ àbúrò mi obìnrin kọ́kọ́ ní kí n jókòó sídìí kọ̀ǹpútà ní ṣọ́ọ̀bù fọ́tò wa, ó ṣí fọ́tò ìyàwó kan tó ti ń tún ṣe láti àárọ̀. Ó ní kí n kàn máa fọwọ́ rìn nínú ẹ̀, kí ara mi lè mọ̀ ọ́n, ó wá jáde lọ ra búrẹ́dì. Èmi náà mú máòsì, mo tẹ ibì kan. Kí n tó ní kí lèyí, ojú ìyàwó ti di àwọ̀ ewé. Mo sáré jáde, mo pa jẹnẹrétọ̀. Nígbà tí ọmọ náà fi dé, inú ṣọ́ọ̀bù ti ṣú, èmi sì dúró lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó yọ ọmọ nínú odò.

"Ọ́ńkù, ta ló pa jẹ́ẹ̀nì?"

"Èmi ni. Ojú ìyàwó ló fẹ́ bàjẹ́. Mo tètè bá a."

Ó rọra gbé búrẹ́dì kalẹ̀. "Iṣẹ́ tí mo ti ń ṣe láti àárọ̀, n ò tíì séèfù ẹ̀ o."

Ìwà yẹn ní ibi tó ti wá. Inú yàrá òkùnkùn ni èmi ti kọ́ṣẹ́ fọ́tò, nígbà tó jẹ́ pé inú omi la ti ń fọ̀ ọ́. Bí pépà bá ti ń dúdú jù, tàbí ìmọ́lẹ̀ ṣèèṣì wọlé, ohun tí ọ̀gá mi kọ́ mi ni kí n pa iná kíá, kí n yọ ọ́ kí ọ̀ràn tó jinlẹ̀. Àṣìṣe tó bá ti gbẹ sórí pépà, tìẹ ni títí láé. Bí mo bá sì lọ́ra, ọ̀gá á fi ọwọ́ tútù tó ń rùn bíi fínígà gbá mi létí. Ẹni tí wọ́n ti fi irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, kò lè rí ojú tó di àwọ̀ ewé kó jókòó.

Ọmọ àbúrò mi ní kò sí ohun tó bàjẹ́ nínú kọ̀ǹpútà tí kò ṣeé dá padà. Ọndú ni wọ́n ń pè é. Èèyàn á tẹ bọ́tìnnì méjì pọ̀, nǹkan á sì padà sí bó ṣe wà.

Mo ní, "Kò ní bínú?"

"Ta ni?"

"Kọ̀ǹpútà."

Abiyamọ ni ọmọ náà, ó ní sùúrù, ṣùgbọ́n ọmọ tiẹ̀ ló tọ́jú sùúrù náà fún. Ìwé mẹ́fà ni èmi kà, kò sì sí ibi tí wọ́n ti dárúkọ lẹ́yà nínú gbogbo rẹ̀. Ó ṣàlàyé fún mi pé fọ́tò inú kọ̀ǹpútà kì í ṣe ẹyọ kan. Ó dà bí gíláàsì tí wọ́n tò léra, tí ti ìsàlẹ̀ ń hàn láti òkè. Gíláàsì kọ̀ọ̀kan ló ń jẹ́ lẹ́yà, ohun tí o bá sì ṣe sí ọ̀kan kò kan èkejì. Ó wá kọ́ mi ní opásítì, ìyẹn bí èèyàn inú lẹ́yà ṣe máa hàn tó. Bí o bá ń fà á wálẹ̀, ẹni náà á máa parẹ́. Mo fa ti ọkọ ìyàwó kan wálẹ̀ títí ó fi ku bí èéfín lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó ẹ̀. Mo ní mo mọ ọkọ mẹ́ta tó rí báyìí ní àdúgbò wa. Ọmọ náà ní kí n fojú síṣẹ́.

Ǹ bá máa fẹnu kọ́ṣẹ́ báyẹn lọ ni, ká ní Àlàájà kan kò wá. Ìyá àgbà ni, ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù wa níbí ní Mushin ni ilé wọn wà. Ó yọ fọ́tò dúdú-àti-funfun kan jáde nínú báàgì. Ọmọbìnrin kékeré ló wà nínú ẹ̀, ó wọ sọ́ọ̀kì funfun, ó fi ọwọ́ ọ̀tún gbé tẹlifóònù sétí. Gbogbo ilé fọ́tò ìgbà yẹn ló ní irú tẹlifóònù bẹ́ẹ̀. Kò ní wáyà, kò sì sẹ́ni tó pè é rí.

"Èmi nìyẹn," Àlàájà wí. "Ìbejì ni wá. Nígbà tí wọ́n máa ya eléyìí, ìkejì mi ti padà sọ́run."

Ohun tó fẹ́ yé mi kó tó sọ ọ́. Láyé ọjọ́sí, bí ọ̀kan nínú ìbejì bá lọ, fọ́tògíráfà á ya èyí tó kù, á tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì sórí pépà kan ṣoṣo. Ọmọ kan á di méjì, ìyá wọn á sì gbé e kọ́. Bàbá Àlàájà ò gbà kí wọ́n ṣe é nígbà náà. Ó ní ẹni tó lọ ti lọ. Ní báyìí, fọ́tò gbogbo mọ̀lẹ́bí ti kún ògiri pálọ̀ ìyá yìí, ìkejì rẹ̀ nìkan ni kò sí níbẹ̀.

"Ẹ wò ó, mo ti ń gbàgbé bó ṣe rí," ó ní. "Mo gbé fọ́tò yìí lọ sí Yaba. Àwọn ọmọ ibẹ̀ fi kọ̀ǹpútà ṣe ojú kan fún mi, ó rí bíi bèbí tí wọ́n ń tà. Ẹ̀rù ẹ̀ bà mí. Ẹ̀yin ni mo wá bá, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ ọ́n ṣe láti ilẹ̀. Kí ọmọdé kankan má fọwọ́ kàn án."

Ọmọdé tí wọ́n ń wí gbójú sókè, ó ń wo àjà. Mo ní kí Àlàájà fọkàn balẹ̀. Ẹnu mi ló sọ ọ́ o. Ẹ̀rọ tí mo fi ń tẹ fọ́tò láyé ọjọ́sí, adìẹ ló ń yé sínú ẹ̀ lẹ́yìnkùlé. Inú kọ̀ǹpútà ló kù.

Ọmọ àbúrò mi bá mi gbé fọ́tò náà wọ inú kọ̀ǹpútà, ó wá fà sẹ́yìn, ó ní òun ò fọwọ́ kàn án, Àlàájà ti ní kí òun má ṣe é. Ó dúró lẹ́yìn mi bí olùkọ́. Mo ṣe dúpílíkéètì, ọmọ kan di lẹ́yà méjì. Bí mo ṣe ń wá ohun tó kàn kiri, mo rí àwòrán kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú kọ̀ǹpútà, igi tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní nǹkan roboto lórí. Ọwọ́ èèyàn tó ká bí ẹni tó fẹ́ bu omi ló wà nísàlẹ̀ ẹ̀. Mo pariwo.

"Iṣẹ́ mi nìyí! Páálí roboto tí mo so mọ́ wáyà, tí mo fi ń ṣíji bo ojú èèyàn kó má baà dúdú jù! Ọwọ́ mi yìí tí mo fi ń darí ìmọ́lẹ̀ náà nìyẹn! Wọ́n jí mi gbé sínú kọ̀ǹpútà!"

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò ó. "Ẹn-ẹn, dọ́ọ̀jì àti bọ́ọ̀nù. A kì í fi bẹ́ẹ̀ lò wọ́n mọ́."

Mo jókòó padà.

Ó ku kí n gbé ọmọ kejì sẹ́gbẹ̀ẹ́ àkọ́kọ́. Tírańsfọ́ọ̀mù ni wọ́n ń pe èyí tí a fi ń fa lẹ́yà tóbi tàbí kéré. Ẹ̀rọ iná àdúgbò wa tó fẹ́ jọ ọ́ lórúkọ ṣẹ̀ṣẹ̀ bú gbàù ni, ọkàn mi ò wá balẹ̀ rárá. Mo di etí fọ́tò náà mú, mo fà á. Ọmọ inú fọ́tò tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́. Mo tún fà á, ó bá yí padà sí òdìkejì! Ọmọ tó fi ọwọ́ ọ̀tún gbé tẹlifóònù ti ń fi òsì gbé e. Láyé tiwa, bí o bá tẹ fọ́tò sódì báyìí, wọ́n á ní ọtí lo mu wọ yàrá òkùnkùn. Mo dìde, ó di ìdí jẹ́ẹ̀nì.

"Ọ́ńkù! Ẹ jókòó!" Ó ti dí ẹnu ọ̀nà. Ó wo ojú kọ̀ǹpútà, ó tún un wò. "Ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n kọjú síra wọn, bí ẹni pé wọ́n ń pe ara wọn lórí fóònù."

"Pẹ̀lú ọwọ́ òsì? Ọmọ Yorùbá wo lo rí tó ń lo òsì tí wọ́n gbé kọ́ sí pálọ̀? Wọ́n á ní èmi ni mi ò lẹ́kọ̀ọ́ ilé. Ọndú yẹn dà?"

"Ẹ̀yin tí ẹ ní kí kọ̀ǹpútà má bínú?"

"Jẹ́ kó bínú!"

Ibi tí a ti ń fà á lọ́wọ́ ni Àlàájà wọlé, ó ní òun kàn ní kí òun yà wò ó. Mo fi ara bo kọ̀ǹpútà. "Àlàájà, ẹ má tíì wò ó, mà. A ò tíì ṣe é tán. Ọwọ́ yẹn ṣì ń padà bọ̀ sí ọ̀tún."

Àlàájà rọra fi ẹ̀yìn ọwọ́ tì mí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó bọ́ awò ojú, ó fi etí ìborùn nù ún, ó tún un wọ̀. Lẹ́yìn náà ló na ìka sí ọmọ kejì, kò jẹ́ kó kan ojú gíláàsì.

"Ta ló sọ fún yín?"

"Sọ kí ni, mà?"

"Pé òsì ló ń lò. Màmá wa nà án títí. Wọ́n fi aṣọ di ọwọ́ yẹn fún un, kò gbọ́. Òsì ló fi ń jẹun, òsì ló fi ń lù mí." Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà ò jáde dáadáa. "Mo ti gbàgbé. Ẹ gbọ́, mo ti gbàgbé pátápátá."

Ọmọ àbúrò mi wò mí. Mo la ẹnu láti jẹ́wọ́ pé n kò mọ nǹkan kan, pé àṣìṣe ìka mi ni. Ọmọ náà tètè na ọwọ́ kọjá níwájú mi, ó tẹ séèfù. Àlàájà ò wo ẹnì kankan nínú wa.

"Òun nìyẹn," ó ní. "Ẹ má fọwọ́ kàn án mọ́."