Ọjọ́ tí Wọ́n Ṣí Kọ̀ǹpútà Wa Lẹ́ẹ̀kejì

Òórùn ẹja tí wọ́n ń yan ló máa ń kọ́kọ́ pàdé èèyàn ní ìletò etí omi náà, nítòsí Ibiade, kí ojú tó rí ilé kankan. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì l'Ágọ̀ọ́-Ìwòyè nígbà náà ni, àjọ kan tó ń gba owó lọ́wọ́ àwọn òyìnbó láti gbé ẹ̀rọ ayélujára dé ìgbèríko sì gbà mí síṣẹ́ olùkọ́. Inú mi dùn débi pé mo rò pé bí mo bá ti kọ́ àwọn ọmọ apẹja bí wọ́n ṣe ń tẹ kọ̀ǹpútà, òṣì yóò fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ níbẹ̀ kí ọdún tó yípo. Bàtà gogoro ni mo wọ̀ lọ sínú ẹrẹ̀.

Ìyá kan ni ọ̀gá ilé ìwé ibẹ̀. Òun àti àwọn òbí ló kun yàrá ìkàwé kan lọ́dà, àwọn obìnrin tó ń yan ẹja sì fi èrè wọn ra ilẹ̀kùn onírin sí i, kí olè má baà wọlé. Lọ́jọ́ tí a ṣí i, àwọn àlejò láti òkè òkun wá, wọ́n ya fọ́tò, àwọn ọmọ kọrin. Èmi fúnra mi ti fi kutẹ́ẹ̀sì pupa kun bọ́tìnnì tí wọn yóò máa fi tan ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn kọ̀ǹpútà tí àjọ wa kó wá, kó má baà rú ọmọ kankan lójú.

Nígbà tí mo padà lọ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́, àwọn ọmọ ti fọ aṣọ wọn mọ́, wọ́n jókòó dè mí. Tábìlì nìkan ló wà nínú yàrá. Ìyá náà ṣàlàyé pé bí àwọn àlejò ṣe lọ tán ni ọkọ̀ àjọ wa padà wá kó gbogbo ẹ̀rọ náà, wọ́n ní àwọn fẹ́ lọ fi ẹ̀kọ́ sí i nínú. Mo bi ọ̀gá àjọ wa, ó ní bẹ́ẹ̀ ni, wọn ò ní pẹ́ dé. Mo gbà á gbọ́. Kí ló dé tí mi ò ní gbà á gbọ́? Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Mo bá ń fi ṣọ́ọ̀kì ya kọ̀ǹpútà sára pátákó, àwọn ọmọ sì ń tò wá fìka tẹ àwòrán.

Ìgbà tó yá, ọ̀gá wa ní a fẹ́ ṣí yàrá kọ̀ǹpútà mìíràn l'Ókè-Àgbò, n'Íjẹ̀bú-Igbó. Èmi ọlọ́gbọ́n ni mo lọ pe ìyá náà pé kó wá bá wa yọ̀, kó sì rọra rán ọ̀gá wa létí àwọn ọmọ ilé ìwé rẹ̀. Gbọ̀ngàn kún. Wọ́n ká aṣọ kúrò lórí àwọn ẹ̀rọ. Kutẹ́ẹ̀sì mi ń wò mí lára gbogbo wọn.

Ìyá náà ti rí i. Ó dìde, ó kúnlẹ̀ kí àwọn àgbà, ohùn rẹ̀ ò sì lọ sókè rárá.

“Ẹ kú ìnáwó o. Àwọn ẹ̀rọ yìí, ti àwọn ọmọ mi ni. Ilé ìwé wa ni wọ́n ti kó wọn.”

Mo rò pé ilẹ̀ yóò lanu gbé ọ̀gá wa mì. Ẹ̀rín ló rín. Ó gbé gbohùngbohùn sẹ́nu, ó kọjú sí àwọn òyìnbó, ó sì fi Gẹ̀ẹ́sì sọ fún wọn pé ìyá yìí rin ìrìn àjò láti etí omi, kó lè wá dúpẹ́ ohun tí a ṣe fún wọn. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Àwọn tó jókòó lẹ́yìn, tí wọn ò gbọ́ ohun tí ìyá wí, bá wọn pa á. Àwọn àgbà ní olè tó jí kàkàkí ọba ò ríbi fọn ọ́n. Èmi rí ẹni tó fọn ọ́n ní gbangba, tí ayé sì ń yẹ́ ẹ sí.

Alága ayẹyẹ, bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, wà níwájú, ó sì gbọ́ gbogbo rẹ̀. Kò pàtẹ́wọ́. Èmi ni mo sún mọ́ ọn jù, ó wá bi mí bóyá òótọ́ ni ìyá náà wí.

“Òótọ́ ni, sà. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi kun àmì pupa yẹn.”

Bàbá na ọwọ́, ó gba gbohùngbohùn. Ó kọ́kọ́ túmọ̀ ọ̀rọ̀ ìyá náà fún àwọn àlejò bó ṣe sọ ọ́ gan-an, kó tó yíjú sí àwọn ará ìlú rẹ̀.

“Àwa náà fẹ́ kí ọmọ wa mọ kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n a ò ní fi ẹrù ọmọ ẹlòmíràn kọ́ ọmọ tiwa. Ẹ kó o padà fún wọn.”

Ọkọ̀ tí wọ́n fi ń kó pákó ni àwọn géńdé Òkè-Àgbò kó àwọn ẹ̀rọ náà sí lọ́jọ́ yẹn, ìyá jókòó níwájú, wọ́n forí lé ọ̀nà Ibiade. Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi. Àwọn òyìnbó kó owó wọn lọ, wọn ò sì dé agbègbè wa mọ́. Àwọn ọmọ Òkè-Àgbò tó ti ń yọjú lójú fèrèsé látàárọ̀ ò rí nǹkan kan gbà. Ìyẹn ṣì ń dùn mí.

Ọdún ti gorí ọdún. Mo ti wá ń ṣiṣẹ́ tíṣà báyìí, mo sì ti rí olè púpọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí ìyá náà sọ fún mi nígbà tí mo lọ kí i lẹ́yìn náà ló ń bà mí lẹ́rù jù. Ó ní nígbà tí àtẹ́wọ́ yẹn ń ró, díẹ̀ ló kù kí òun gbà pé òun wá dúpẹ́ lóòótọ́ ni.