Ìdajì Ẹ̀kọ́ Tó Bá Ọ̀rẹ́ Mi Lọ

Títí di òní, bí mo bá gbọ́ òórùn ẹyìn tó ń hó nínú ìkòkò ńlá, ara mi a bù máṣọ. Kì í ṣe pé òórùn náà burú. Ta ni yóò sọ bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ wa, níbi tí epo ti rán ọ̀pọ̀ wa lọ sílé ẹ̀kọ́? Ṣùgbọ́n ibi tí ìyá ọ̀rẹ́ mi ti ń fọ epo lẹ́yìn ilé wọn ní Massè ni mo ti múra sílẹ̀ fún báàkì, ìdánwò àṣekágbá tó ń ṣílẹ̀kùn yunifásítì fúnni. Àpótí méjì la máa ń gbé sábẹ́ igi máńgòrò tó wà níbẹ̀, èmi lórí ọ̀kan, òun lórí èkejì. Èéfín ihá ẹyìn tí ìyá rẹ̀ fi ń dáná á máa ta wá lójú, a ó sì máa fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu omijé bí ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀. A máa ń fi ìyẹn rẹ́rìn-ín nígbà náà.

Ọ̀rẹ́ mi yìí, ẹnu rẹ̀ mú. Ó máa ń ní bí mo ṣe ń kàwé, bí ewúrẹ́ tó wọ oko gbágùúdá ni, pé mò ń gbé e mì láìrún un lẹ́nu. Òun ló wí pé iṣẹ́ náà ju ẹnì kan lọ, ká pín in. Kí n mú ìṣirò àti fisíìkì, kí òun mú ẹ̀kọ́ nípa ara àti ohun ẹlẹ́mìí, kí kálukú kọ́ tirẹ̀ yanjú, kó sì wá kọ́ ẹnì kejì. Ó ní àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Òfin kan péré ló ṣe. Bí mo bá ti ń da èdè Faransé sílẹ̀ láti fi bo ohun tí kò yé mi, á tọ́ka sí ìyá rẹ̀ nídìí iná, á ní, "Sọ ọ́ kí ìyá mi gbọ́." Obìnrin náà kò jókòó nílé ẹ̀kọ́ rí. Bí n kò bá lè sọ ọ́ lédè wa títí ìyá á fi mi orí pé ó yé òun, a jẹ́ pé n kò tíì mọ̀ ọ́n nìyẹn. Ìyá a sì máa gbìyànjú, á fara ti igi tó fi ń ro epo rẹ̀, á tẹ́tí sí wa bí ẹni ń gbọ́ ẹjọ́.

Bàbá mi ti sọ fún mi pé agbára òun kò gbé àtúnṣe ìdánwò. Bí mo bá yege, yunifásítì ní Kútọnu ni. Bí mo bá fìdí rẹmi, ẹ̀gbọ́n mi tó ń ránṣọ ní Pọbẹ̀ ti wá àyè sílẹ̀ fún mi. Ọ̀rẹ́ mi ní tirẹ̀ fẹ́ ṣiṣẹ́ nílé ìwòsàn, kò sì fi í bò fún ẹnikẹ́ni.

Mo kọ́ ọ ní apá tèmi tán. Ó kù kí òun náà bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ni ibà dá a dúbúlẹ̀. Ibà lásán ni gbogbo wa pè é, a fi agbo àti sùúrù dúró dè é. Nígbà tí a fi máa gbé e sórí alùpùpù lọ sílé ìwòsàn ní Adja-Ouèrè, ara rẹ̀ gbóná débi pé ó ń jó mi láyà láti inú aṣọ, nítorí èmi ni mo jókòó sẹ́yìn rẹ̀, tí mo dì í mú. Ó ń sọ nǹkan kan lójú ọ̀nà, atẹ́gùn kò jẹ́ kí n gbọ́ ọ. Kò padà wálé mọ́.

Òfò ni òkú ọ̀dọ́ lọ́dọ̀ wa. Àwọn àgbà ọkùnrin ló gbé e lọ, wọn kò sì jẹ́ kí ìyá rẹ̀ tẹ̀ lé wọn, nítorí òbí kì í mọ ojú oórì ọmọ rẹ̀. Ẹní rẹ̀, aṣọ rẹ̀ àti ìwé rẹ̀, wọ́n kó gbogbo rẹ̀ lọ sun. Mo sunkún títí ohùn mi fi há. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rù wá bà mí, nítorí ìdajì ẹ̀kọ́ wa ti bá a lọ, ìdánwò sì ti dé tán.

Olùkọ́ wa yá mi ní ìwé kan. Mo kà á nínú yàrá mi, kò wọlé. Ni mo bá padà sí abẹ́ igi máńgòrò, mo gbé àpótí méjèèjì síbẹ̀, mo kọjú sí èyí tó ṣófo, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé sókè. Ẹlẹ́mu kan tó ń sọ̀ kalẹ̀ látorí ọ̀pẹ rí mi. Kò kí mi, ó sáré bá tirẹ̀ lọ. N kò dá a lẹ́bi. Bí mo bá ti ń sá pamọ́ sẹ́yìn èdè Faransé, mo máa ń gbọ́ ohùn ọ̀rẹ́ mi ketekete: "Sọ ọ́ kí ìyá mi gbọ́." Má ṣe bi mí bóyá ọkàn mi ló ń sọ ọ́. Mo gbọ́ ọ, mo sì bẹ̀rù rẹ̀, síbẹ̀ mo ń padà lọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìyá fi iná rẹ̀ sílẹ̀, ó wá jókòó sórí àpótí ọmọ rẹ̀. Kò ní ojú oórì kankan tó lè lọ. Ibẹ̀ nìkan ló kù fún un. Orí bí ara ṣe ń bá àrùn jà ni mo wà lọ́jọ́ náà. Ahọ́n mi fẹ́ yí sí nǹkan mìíràn, ṣùgbọ́n ìyá ní kí n máa bá a lọ. Mo sọ fún un pé àwọn kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń ṣọ́ ara bí ọdẹ ṣe ń ṣọ́ ìlú. Bí àjèjì bá wọlé, àwọn kan á gbé e mì, àwọn kan á dá ojú rẹ̀ mọ̀ kó má baà tún padà wá.

"Gbogbo èèyàn ló ní àwọn ọdẹ yìí?"

"Gbogbo wa ni, Ìyá."

"Ọmọ mi náà?"

"Òun náà, Ìyá."

Ó wo ọwọ́ rẹ̀ tí epo ti sọ di pupa. "Kí ni wọ́n wá ń ṣe?"

"Wọ́n jà, Ìyá. Gbígbóná tí ara rẹ̀ ń gbóná yẹn, ìjà wọn ni. Wọ́n jà títí."

Ó pẹ́ kó tó mi orí. Nígbà tó mì í, ó dìde, ó padà sídìí iná rẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń wá jókòó gbọ́ mi, a sì jọ parí apá tó kù.

Nínú yàrá ìdánwò, mo ṣí ìbéèrè, mo bá a níbẹ̀: bí ara ṣe ń gbèjà ara rẹ̀. Mo gbé kálàmù sílẹ̀. Òórùn epo gba imú mi, bẹ́ẹ̀ a kò sí nítòsí epo. Mo kọ́kọ́ ṣàlàyé rẹ̀ fún ìyá nínú ọkàn mi lédè wa, lẹ́yìn náà ni mo wá fi Faransé kọ ọ́ sílẹ̀.

Nígbà tí èsì jáde, kí n tó dé ọ̀dọ̀ bàbá mi, Massè ni mo kọ́kọ́ yà sí. "Ìyá, mo yege o." Ó dì mọ́ mi, ó súre títí. Lẹ́yìn náà, ó wo ẹ̀yìn mi, bí ẹni pé ẹnì kejì ṣì ń bọ̀ lójú ọ̀nà.

"Ọmọ mi ńkọ́?"

"Òun náà yege, Ìyá."

Ilé ìwòsàn ni mo ti ń ṣiṣẹ́ báyìí, bẹ́ẹ̀ èmi kọ́ ni mo fẹ́ ẹ, òun ni. Àwọn ìyá máa ń gbé ọmọ tí ara rẹ̀ ń gbóná wá, mo sì ní láti sọ fún wọn ìdí tí ẹnikẹ́ni kò fi gbọdọ̀ pe ibà ní ibà lásán. Bí mo bá ti fi Faransé bẹ̀rẹ̀, mo ṣì ń gbọ́ ohùn yẹn lẹ́yìn mi. Kò dẹ́rù bà mí mọ́ bíi ti àtijọ́. Mo máa ń tún un sọ lédè wa, díẹ̀díẹ̀, n kì í sì í jẹ́ kí ìyá kankan kúrò níwájú mi àfi tó bá ti mi orí pé ó yé òun.