"Mo Dúpẹ́" Tí Wọ́n Fi Lé Delmira Kúrò Lágbo

Delmira ti kú. Abẹ́ igi máńgòrò nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó nílùú wa, Asunción, ló jókòó sí lọ́sàn-án, tó gbabẹ̀ lọ, òun nìkan, ife tereré, omi ewé tútù tí à ń fà mu, lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ń kọjá, wọ́n ní ó ń sùn. Ilẹ̀ ṣú kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án.

Ta ni ì bá tètè mọ̀? Ta ló ń jókòó tì í?

Nígbà tí wọ́n bí i, ọkùnrin ni wọ́n pè é. Obìnrin lòun mọ ara rẹ̀ sí, obìnrin náà ló sì ṣe darúgbó. Aránṣọ ni. Òun ló rán aṣọ ìgbéyàwó ìyá mi. Bí abẹ́rẹ́ bá gún un, á bú u bí orogún, á tún bú sẹ́rìn-ín.

Ẹ ṣáà mọ̀ wá pẹ̀lú tereré: ife kan, ọ̀pá ìfamu kan, láti ọwọ́ dé ọwọ́. Ẹni tó bá ti ní "Mo dúpẹ́", ó ti yó nìyẹn, kò mu mọ́. Lọ́jọ́ tí Delmira kọ́kọ́ gbé àga sún mọ́ àwọn arúgbó ẹgbẹ́ rẹ̀, Ìyá Obdulia, ọ̀kan nínú wọn, ní, "Mo dúpẹ́." Ẹni tó tẹ̀ lé e náà dúpẹ́. Háà, nínú ooru yẹn, gbogbo wọn yó lẹ́ẹ̀kan náà! Wọ́n kó àga wọn lọ sí igun kejì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ agbo tereré mìíràn.

Dókítà Wenceslao, ọ̀gá ibẹ̀, sọ fún mi pé òun ò lè fipá mú àgbà bá àgbà mu. Ó dáa. Ta ló wá fipá mú Delmira sùn ní yàrá àwọn ọkùnrin? Ta ló ń fi orúkọ ọkùnrin pè é wá jẹun, tí kò bá dáhùn, tí wọ́n á gbé oúnjẹ rẹ̀ padà? Ṣé Obdulia náà ni?

Nígbà tí mo bẹ̀ ẹ́ wò kẹ́yìn, mo mu tereré rẹ̀ títí inú fi ń run mí, nítorí mi ò fẹ́ sọ "Mo dúpẹ́" lójú rẹ̀. Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín.

"Ọmọ mi, dúpẹ́, kí o sinmi. Ìwọ ṣáà mu kí o tó dúpẹ́."

Àánú rẹ̀ ṣe mí gan-an.

Lánàá la sin ín. Orúkọ ọkùnrin ni wọ́n kọ sára àgbélébùú rẹ̀. Dókítà wá ń bọ̀ wá lọ́wọ́: "A dúpẹ́ o, a dúpẹ́."

Rárá o, Dókítà. Àwa ò tíì yó. Ẹ kọ Delmira síbẹ̀. Ẹ jáde ní gbangba, kí ẹ dárúkọ ẹni tó fi í sí yàrá ọkùnrin yẹn, kí ẹ sì sọ ibi tí àwọn bíi tirẹ̀ tó ń darúgbó bọ̀ yóò gbé àga wọn sí. Títí dìgbà náà, ife ṣì wà lọ́wọ́ wa, a ò sì ní dìde.