Ọ̀sẹ̀ Tí Bàbá Àfẹ́sọ́nà Mi Wá Wo Abidjan

Mo rántí ọ̀sẹ̀ tí àwọn òbí àfẹ́sọ́nà mi wá láti Ṣakí láti wo irú ọmọ tí ọmọ wọn fẹ́ gbé níyàwó. Èmi ni ọmọ náà. Abidjan ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ náà ni wọ́n bí ìyá mi tó ń ta aṣọ ní ọjà Adjamé sí. Ṣùgbọ́n ará Ṣakí ni bàbá ìyá mi, níbi ìsìnkú kan níbẹ̀ ni mo sì ti pàdé ọkùnrin náà. Òun ń ṣiṣẹ́ báńkì ní Ìbàdàn, èmi ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní Abobo. Orí fóònù ni ìfẹ́ wa ti dàgbà, níbi tí kò ti sí ẹni tó ní bàbá.

Ìyá mi ti tún yàrá ṣe dè wọ́n, ṣùgbọ́n bàbá àfẹ́sọ́nà mi, ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, sọ pé òun kò lè sùn sínú ariwo Adjamé. Ilé àlejò kan ní Cocody ló fẹ́, torí ó ti kà á pé àwọn ọgbà ìgbafẹ́ àti ibi ìṣẹ̀ǹbáyé wà nítòsí ibẹ̀. Ó ní, "Ẹni tó rin ìrìn àjò tí kò wo ìlú, ẹrù lásán ni." Ọ̀rọ̀ náà dun ìyá mi, wọ́n sì gbé e mì. Èmi ni wọ́n ní kí n máa mú àwọn àlejò kiri. Nígbà náà, "wọ́n" ni mo máa ń pe bàbá yìí. Lónìí, "ó" ti tó o. Ìyàwó rẹ̀, Màmá, ni mo ṣì ń bu "wọ́n" fún tinútinú.

Láàárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́, bàbá jáde nínú ilé àlejò pẹ̀lú fìlà onídè lágbọ̀n, ṣòkòtò tí àpò kún ara rẹ̀, àti awò tí wọ́n fi ń wo ọ̀nà jíjìn lọ́rùn. Màmá ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn, wọ́n gbé àpò omi. Kí a tó wọ takisí, bàbá ṣe òfin. Ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, láti òní lọ, mi ò fẹ́ gbọ́ Faransé lẹ́nu rẹ. Ìyàwó ilé wa gbọ́dọ̀ gbọ́ Yorùbá."

Mo ní, "D'accord, sà." Faransé náà ni mo fi gbà.

Kì í ṣe pé mo yadi. Yorùbá ilé ìdáná àti ti ọjà yọ̀ mọ́ mi lẹ́nu. Ṣùgbọ́n tí ọ̀rọ̀ bá ti kan ọjọ́ àti iye, Faransé ni yóò sáré ṣíwájú. Ìgbàkígbà tó bá sì ti bọ́ lẹ́nu mi, bàbá yóò dá gbogbo wa dúró títí n ó fi rí èyí tó jẹ́ Yorùbá. A dúró pẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì nínú oòrùn nítorí pé mo pe Ọjọ́bọ̀ ní "jeudi". Màmá ló rọra sọ ọ́ lẹ́yìn ọkọ wọn, bí ẹni ń húkọ́. Láti ìgbà náà ni mo ti ń fa ọ̀rọ̀ gùn kí wọ́n lè ráyè húkọ́.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì ńlá tó wà ní Plateau, bàbá gbójú sókè, ó ní òrùlé rẹ̀ wọ́. Ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, ó gba àlàyé lẹ́nu ẹni tó yẹ kó ṣe é, ó sì ń túmọ̀ àwọn agọ̀ tí kò rí rí láyé. Màmá dúró níwájú òfì àtijọ́ kan, wọ́n sún mọ́ ọn láti wo òwú rẹ̀. Mo bi wọ́n bóyá wọ́n mọ̀ ọ́n hun. "Ìyá mi ló ń..." ni wọ́n sọ dé tí ọkọ wọn fi pariwo pé ká má fi àkókò ṣòfò. Nínú ọgbà, ó ń pe igi kọ̀ọ̀kan lórúkọ, èyí tí kò bá mọ̀, "irú ìrókò kan" ni. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ìrókò ti kún Cocody.

Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ó kan igbó Banco, igbó ńlá tó jókòó sáàárín ìlú bí àgbà tí kò gbà kí wọ́n lé òun. Ní ẹnu ọ̀nà, wọ́n fi afinimọ̀nà lọ̀ wá. Bàbá rẹ́rìn-ín. Ó ní ọmọ ọdẹ ni òun, ta ní ń mú ọmọ ọdẹ rin igbó? Òótọ́ ni pé bàbá rẹ̀ àgbà ṣọdẹ. Ní ti òun, akẹ́kọ̀ọ́ tó pẹ́ dé ni ẹran kan ṣoṣo tó dẹ rí.

A rìn díẹ̀ lábẹ́ igi, atẹ́gùn tutù, a ò gbọ́ ariwo ìlú mọ́. Ó yà kúrò lójú ọ̀nà láti fi ẹyẹ kan hàn wá. Ó gbé awò sójú, ó ń kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́. Bí mo ṣe wolẹ̀ báyìí, ohun dúdú kan tó fẹ̀ bí bẹ́líìtì ń ṣàn kọjá lórí ewé, ó ti gun bàtà rẹ̀.

Mo kígbe pé, "Bàbá, attention! Magnans!"

Kò tilẹ̀ wolẹ̀. Ó ní, "Yorùbá."

"Bàbá, ẹ kúrò níbẹ̀! Àwọn... àwọn eèrà ńlá!"

"Eèrà kì í pa ọmọ ọdẹ. Kí lorúkọ wọn? Ronú."

Ọ̀rọ̀ náà ti sá mọ́ mi lórí. Mo yíjú sí Màmá. Wọ́n ti rí i ṣáájú mi. Wọ́n wo ẹsẹ̀ ọkọ wọn, wọ́n wo ojú rẹ̀, wọn ò kánjú rárá. Lẹ́yìn náà ni wọ́n là á jẹ́jẹ́, bí ẹni ń sọ orúkọ àlejò:

"Ìjàlọ ni."

Kó tó gbọ́ ọ, ìjàlọ ti dé ibi tí a kì í dárúkọ lára àgbà. Igbe tó ké kì í ṣe Yorùbá, kì í ṣe Faransé. Àwọn àgbà ní ẹni tó ń sáré nínú ẹ̀gún, bí kò bá lé nǹkan, nǹkan ń lé e. Ó já ṣòkòtò náà bọ́ sọnù, ó sì fi pátá sáré padà sójú ọ̀nà, àárín àwọn ọmọ ilé-ìwé kan tí olùkọ́ wọn mú wá wo igbó ló sì já sí. "Bonjour, tonton!" ni gbogbo wọn fi kí i. Mo rò pé láti ọjọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, kò tíì rí akẹ́kọ̀ọ́ tó tẹjú mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀.

Mo kọjú sí igi, torí a kì í wo ìhòòhò àna, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ń gbọn ẹ̀yìn mi. Ní ti Màmá, wọ́n jókòó sílẹ̀, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́, títí gèlè fi tú lórí wọn.

Lọ́jọ́ kejì, bàbá ránṣẹ́ sí ìyá mi pé àwọn ń padà sílé, pé èmi kò gbọ́ Yorùbá tó. Ìyá mi, tí wọ́n ti ń gbé ọ̀rọ̀ mì láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀, pọ̀ ọ́ wàyí: "Ẹ sọ fún wọn pé ìjàlọ náà ò gbọ́ Yorùbá."

Àfẹ́sọ́nà mi pè mí láti Ìbàdàn. Ó ní kí n bẹ bàbá òun.

"Kí ni mo ṣe?"

"O rẹ́rìn-ín."

"Ìyá rẹ náà rẹ́rìn-ín."

"Màámi ti kúnlẹ̀ bẹ̀ wọ́n."

Gbólóhùn yẹn ta mí ju ìjàlọ lọ. Mo rí ara mi lórí ìkúnlẹ̀, tí mò ń bẹ̀bẹ̀ lórí ohun tí kòkòrò ṣe. Mo bi í pé, "Ìwọ ńkọ́, kí lo sọ fún bàbá rẹ?" Ó ní, "Bàbá mi ni wọ́n." Mo ní ó dáa, kó máa bá bàbá rẹ̀ gbé. Kí ẹ má rò pé ó rọrùn. Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo jókòó sáàárín aṣọ nínú ṣọ́ọ̀bù ìyá mi, mo sunkún débi pé àwọn oníbàárà ń kí wọn kú ará fẹ́ra kù.

Ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà, bàbá kú. Màmá tẹ̀ lé àwọn oníṣòwò Ṣakí wá sí Abidjan, ilé ìyá mi ni wọ́n sì dé sí. Mo bi wọ́n pé, "Màmá, kí lẹ fẹ́ lọ wò?" Wọ́n ní, "Kò sẹ́ni tó bi mí rí." Wọ́n wá ní àwọn kò rí òkun rí.

Mo mú wọn lọ sí Port-Bouët, létí òkun. Mo ti lọ́kọ báyìí, mo ti bímọ, mo sì ti mú àlejò púpọ̀ rin ìlú yìí, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ló jẹ́ pé ìlú tiwọn ni wọ́n ń wò káàkiri. Màmá ò sọ pé òkun náà tóbi, wọn ò sọ pé ó kéré, wọn ò fi í wé nǹkan kan. Omi dé eteetí ìró wọn, wọn ò gbé e sókè. Wọ́n kàn dúró, wọ́n ń wò ó, èmi náà sì dúró tì wọ́n, mi ò pè wọ́n pé ká máa lọ.