Irin Tí Akínsànyà Dá Padà

Àtàǹpàkò Akínsànyà ń lọ díẹ̀díẹ̀ lójú irin. Ó ki òróró dúdú bọ inú àpá òòlù kan, ó bu eruku irin tó ti dógùn-ún lé e, ó fi èékánná tẹ̀ ẹ́. Ó fẹ́ atẹ́gùn sí i. Àpá náà ṣì hàn. Ó tún bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tí rélùwéè rán láti wá yẹ irin wò ń bọ̀ ní aago mẹ́wàá.

Ẹ̀yìn Wharf Road, l'Àpápá, ni ilẹ̀ náà wà. Ọkọ̀ ojú irin kò gba ibẹ̀ mọ́ láti 1981. Koríko. Táyà. Lẹ́yìn náà, àwọn alágbẹ̀dẹ àti ajórin. Akínsànyà wà lára àwọn tó kọ́kọ́ débẹ̀. Ọdún mọ́kàndínlógún ló fi tún ojú irin ṣe kí rélùwéè tó ní kó máa lọ sílé. Àdògán eédú ló wá ń rọ, òun ló fi ń bọ́ ilé l'Ájégúnlẹ̀.

Ní 1991, iléeṣẹ́ kan fẹ́ fi ilẹ̀ náà ṣe àgbàlá kọ̀nténà. Àdéhùn wọn ni pé ibi tí irin bá ṣì dè mọ́lẹ̀, rélùwéè ò ní tà á, ẹni tó wà níbẹ̀ á dúró. Ibi tí kò bá sí irin, ilẹ̀ òfìfo ni. Kí katakátá gbá a.

Kò sí alágbẹ̀dẹ tí kò tíì gé tirẹ̀. Irin rélùwéè ló dára jù láti lu irin lé lórí. Kì í tẹ̀, kì í fọ́. Akínsànyà náà gé tirẹ̀. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà. Ọdún méje ló fi ń lu àdògán lé e lórí.

Láàárọ̀ yìí, òun àti Onome, tó ń ta bóòtù àlòkù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, gbé e padà sórí pákó tí ó ti gé e kúrò. Irin kan náà ló gba iwájú ṣọ́ọ̀bù àwọn méjèèjì. Onome wo òróró tí ó ń fi pa á. Ó ní irin yìí ti fẹ́ rẹwà ju ìyàwó lọ, kí bàbá má gbàgbé tìróò. Akínsànyà ò rẹ́rìn-ín.

Ọlásúnkànmí ni rélùwéè rán. Akínsànyà ló kọ́ ọ níṣẹ́ ojú irin. Ọlásúnkànmí tẹríba kí i. Ọkùnrin iléeṣẹ́ náà tẹ̀lé e.

Ọlásúnkànmí bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu géètì, níbi tí irin ṣì wà. Ó fi òòlù kékeré lù ú, kó lè gbọ́ bóyá ó ṣì dè mọ́lẹ̀. Gbain. Ó rìn síwájú. Gbain. Ó dé iwájú ṣọ́ọ̀bù Akínsànyà.

Kù.

Ó dúró. Ó fi bàtà nu òróró kúrò.

Ọkùnrin iléeṣẹ́ bi í bóyá irin wà níbẹ̀ àbí kò sí. Ọlásúnkànmí fa ìwé yọ. Bírò wà lórí ìwé, kò kọ nǹkan kan. Akínsànyà mọ ohun tó ń rò. Bí ó bá kọ irọ́, tí ẹlòmíràn sì wá yẹ̀ ẹ́ wò, iṣẹ́ rẹ̀ lọ nìyẹn.

"Ẹ̀yin lẹ ní kí n máa fetí sí i, bàbá," Ọlásúnkànmí wí jẹ́ẹ́jẹ́.

"Kí lo gbọ́?"

Ọlásúnkànmí tún fi òòlù kan irin náà.

"Kọ ohun tí o gbọ́," Akínsànyà ní. "Èmi ni mo gé e."

Onome pòṣé, ó kọjú sí ògiri.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n wó ṣọ́ọ̀bù méjèèjì. Rélùwéè gbé ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà náà lọ, tiwọn ni. Kọ̀nténà ló wà níbẹ̀ báyìí. Akínsànyà ń rọ àdògán níwájú yàrá rẹ̀ l'Ájégúnlẹ̀. Orí òkúta ló ti ń lu irin.