Ìgò Tíṣà Nejia Kò Dé Túnìsì

Tíṣà Nejia Ferjani kú láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, a sì sin ín kí oòrùn tó wọ̀. Ọ̀gá ilé ìwòsàn àgbègbè wa fi òdòdó ránṣẹ́, ó sì ní àìsàn tó ṣọ̀wọ́n ló pa á. Ẹ ṣeun fún òdòdó. Ṣùgbọ́n kí ló ṣọ̀wọ́n gan-an? Ṣé àìsàn náà ni, àbí ẹni tí yóò gbé ìgò kékeré kan sínú mọ́tò?

Kò sí ọmọ ìlú wa, Ràs Mejdub, tí kò mọ̀ ọ́n. Kíláàsì rẹ̀ ni àpótí dígí wà, tí ẹja kéékèèké ń wẹ̀ nínú rẹ̀. Ó fi orúkọ olùbẹ̀wò ẹ̀kọ́ pe èyí tó sanra jù, ó ní torí pé ó máa ń la ẹnu láìsọ nǹkan kan.

Nígbà tí kídìnrín rẹ̀ daṣẹ́ sílẹ̀, Lazhar àbúrò rẹ̀, tó ń ṣe búrẹ́dì, fún un ní ọ̀kan nínú tirẹ̀. Láti ìgbà náà ni yẹ̀yẹ́ ò ti tán láàárín wọn.

"Àǹtí mi, ẹ rọra jẹ ata harísà yẹn o! Kídìnrín mi lẹ̀ ń jó."

"Tìẹ kọ́ mọ́. Ṣé o fẹ́ gbà á padà ni?"

Òògùn tí kò jẹ́ kí ara rẹ̀ kọ kídìnrín náà ni kò jẹ́ kí ara náà lè bá kòkòrò àrùn jà. Wọ́n kìlọ̀ fún un nílé ìwòsàn pé bí ọgbẹ́ bá ti yọ, kó tètè wá. Ó sì tètè wá. Dígí ló ha á lọ́wọ́ níbi tó ti ń fọ àpótí ẹja. Ojú ibẹ̀ di kókó, kókó mìíràn tún yọ lókè rẹ̀, wọ́n ń gun apá lọ. Dókítà kan fún un ní ìpara. Òmíràn ní ẹ̀gún ló gún un. Dókítà Olfa, ọ̀dọ́bìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ló bi í léèrè:

"Tíṣà, ṣé ẹ máa ń tọwọ́ bọ omi ẹja?"

Ó ṣàlàyé fún un pé kòkòrò kan ń gbé inú omi ẹja, ìbátan èyí tó ń fa ikọ́ ife. Lára ẹni tí ara rẹ̀ le, orí awọ ló sábà ń mọ. Lára irú Nejia, ó lè wọ egungun, kó wọ ẹ̀dọ̀fóró. Òògùn rẹ̀ wà, bí a bá tètè mọ̀. Ó gé ẹran díẹ̀ níbi kókó náà, ó fi sínú ìgò, ó ní kí wọ́n gbé e lọ sí Túnìsì, olú ìlú wa, nítorí wọn ò lè yẹ̀ ẹ́ wò níhìn-ín.

Ìgò náà kò lọ. Àlejò àwọn ọ̀gá ni mọ́tò ilé ìwòsàn ń gbé kiri. Wọ́n gbé iṣẹ́ Dókítà Olfa lọ sí ìlú mìíràn. Lazhar ń lọ, ó ń bọ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé ilé ìwòsàn.

"Ẹ̀gbọ́n mi ò lè di ṣọ́ọ̀kì mú mọ́. Èsì dà?"

"Ẹ ní sùúrù, ọ̀gá. Túnìsì ló ń pẹ́."

"Ṣé ìgò ti dé ọ̀dọ̀ wọn?"

"Ṣé èmi ni Túnìsì ni?"

Ibi tí nọ́ọ̀sì kan ti fẹ́ mú wàrà rẹ̀ nínú fìríìjì ló ti rí ìgò náà, orúkọ Nejia Ferjani lára rẹ̀. Nígbà náà, Nejia ò lè mí dáadáa mọ́. Wọ́n sáré fún un lóògùn. Ó ti pẹ́ jù.

Létí sàréè, Lazhar di ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mú. "Wọ́n bu nínú ara mi sin lónìí," ló wí.

Ẹ má sọ fún wa mọ́ pé àìsàn náà ṣọ̀wọ́n. Dókítà yín mọ̀ ọ́n, ó sì sọ ohun tí ẹ ó ṣe. Ta ló gba ìgò náà lọ́wọ́ rẹ̀? Ta ló ní kí mọ́tò máa gbé àlejò? A fẹ́ orúkọ wọn, a sì fẹ́ kí wọ́n wá jókòó níwájú Lazhar, kí wọ́n sọ ọ́ lẹ́nu ara wọn.

Lánàá, mo bá ọ̀dọ́kùnrin kan lórí bẹ́ǹṣì ilé ìwòsàn yìí kan náà. Ẹ̀dọ̀ ẹlòmíràn ló wà nínú rẹ̀, kókó sì ti ń yọ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Mo bi í bóyá wọ́n ti gé nǹkan kan níbẹ̀.

"Wọ́n ti gé e," ó ní. "Wọ́n ní kí n máa retí Túnìsì."

Kí mọ́tò gbéra lónìí. Kí ọ̀gá ilé ìwòsàn fúnra rẹ̀ jókòó sínú rẹ̀.